Eré ẹlẹ́mìí-ẹṣin ní Lọ́ńdọ̀nù àti l'Ékòó: ibi tí ó yẹ kí ẹni tó gbé kámẹ́rà dúró sí

Kìlómítà 42.195 ni eré ẹlẹ́mìí-ẹṣin l'Ékòó, òun náà ni ní Lọ́ńdọ̀nù. Ṣùgbọ́n ohun tó ń yọ ayàwòrán lẹ́nu yàtọ̀ síra. Ní Lọ́ńdọ̀nù, èrò ni. Ọkọ̀ wà, ìmọ́lẹ̀ sì wà. L'Ékòó, àyè wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà, àmọ́ tí wọ́n bá ti ti títì pa, ibi tí ẹ bá wà náà lẹ máa wà.

Oṣù kẹrin ni ti Lọ́ńdọ̀nù sábà máa ń bọ́ sí, lọ́jọ́ Àìkú. Gbogbo ayé ló ń rọ́ lọ sí Cutty Sark, ọkọ̀ ojú omi àtijọ́ tó wà ní Greenwich, ní nǹkan bíi kìlómítà 10, àti sí Tower Bridge. Ẹni tó bá pẹ́ dé, tó wá dúró ní ìlà kẹta, ìpàkọ́ àti fóònù tí wọ́n nà sókè ló máa yà wálé. Tí ẹni yín, ìyẹn sárésáré tí ẹ wá yà, bá ti kọjá ní Cutty Sark, ẹ wọ ihò àwọn ẹlẹ́sẹ̀ tó gba abẹ́ odò Thames. Ọdún 1902 ni wọ́n ṣí i, gígùn rẹ̀ kò ju bíi mítà 370 lọ. Island Gardens lẹ máa yọ sí. Ẹ rìn dé Mudchute, wọ́n á tún kọjá níbẹ̀ ní nǹkan bíi kìlómítà 27. Ẹni tó ń fi ìṣẹ́jú 6 sá kìlómítà kan yóò lò ju wákàtí kan ààbọ̀ lọ kó tó dé, nítorí náà ẹ má sáré, èrò pọ̀ nínú ihò yẹn.

Ní títì tí wọ́n ń pè ní The Highway, ẹ lè rí ẹnì kan náà lẹ́ẹ̀mejì, ní máìlì 13 àti máìlì 22, ṣùgbọ́n ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà kan ni wọ́n ń gbà lọ, èkejì ni wọ́n ń gbà bọ̀. Ojú tó ti rẹ̀ ní máìlì 22 wù mí ju ẹ̀rín máìlì 13 lọ.

Ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé fóònù nìkan, nẹ́tíwọ́ọ̀kì máa ń dákú láàárín èrò. Ìpele-ìpele ni wọ́n ń tú àwọn sárésáré sílẹ̀, ó sì máa ń ju wákàtí kan lọ. Ẹ bi ẹni yín pé aago mélòó ni tirẹ̀, kí ẹ fi ìṣẹ́jú rẹ̀ lórí kìlómítà kan ṣírò. Ẹ bi í pẹ̀lú pé ọwọ́ ọ̀tún ọ̀nà ló máa gbà àbí òsì. Ìbéèrè yìí ni ọ̀pọ̀ ń gbàgbé.

Ti Èkó bẹ̀rẹ̀ ní 2016, nínú oṣù kejì, láti pápá ìṣeré Súrúlérè dé Eko Atlantic. Nǹkan bí aago mẹ́fà ààbọ̀ ni wọ́n ń gbéra, oòrùn kì í sì í yọ ṣáájú bí aago méje. Ẹ gbé ISO, ìyẹn bí kámẹ́rà ṣe ń gba ìmọ́lẹ̀ sí, dé 3200 fún àwọn aṣíwájú, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, òjìji lẹ máa yà. Ọ̀nà Ìkòròdú ní ohun tí Lọ́ńdọ̀nù kò ní: àwọn afárá ẹlẹ́sẹ̀, bíi ti Onípàánù àti Palmgrove. Kò sí orí ẹnikẹ́ni tó máa dí yín lójú lókè níbẹ̀, oòrùn ìlà-oòrùn á sì tan sí ẹ̀gbẹ́ ojú wọn. Kí ẹ ṣáà má dí ẹni tó ń kọjá.

Kò sí dáńfó tó máa gbé yín gba Third Mainland tẹ̀lé wọn. Ẹ yan ọ̀kan: Ọ̀nà Ìkòròdú tàbí òpin eré.

Ọyẹ́ tún ń bẹ. Lẹ́ńsì gígùn tí ẹ fi yàwòrán láti mítà 100 á mú àwòrán funfun bí omi ògì; ẹ súnmọ́ wọn. Ẹ má pààrọ̀ lẹ́ńsì létí títì, eruku á wọ inú kámẹ́rà. Tí ẹ bá wà nílẹ̀, tí ojú ọ̀run funfun bá wà lẹ́yìn ẹni tó dúdú, kámẹ́rà á sọ ojú rẹ̀ di èédú: ẹ fi ìmọ́lẹ̀ kún un nínú ètò kámẹ́rà (exposure compensation), +0.7 tàbí +1.

Ìyára ojú kámẹ́rà (shutter) 1/1000 ìṣẹ́jú àáyá ló ń mú ẹsẹ̀ dúró nílùú méjèèjì, torí àwọn aṣíwájú ń gbé ju mítà 5 lọ ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Àmọ́ ooru Èkó ń mú kí wọ́n da omi sórí. Ẹ dúró ní bíi mítà 15 kọjá ibi tí wọ́n ti ń gbomi, kí oòrùn wà lẹ́yìn omi náà, kí ẹ sì gbé ìyára dé 1/2000.