Ọjọ́ Àkọ́kọ́ Ní Atlanta Pẹ̀lú Àwọn Ọmọ: Ẹ̀kọ́ Tí Mo Kọ́

Ẹ má fi ohunkóhun sí ọjọ́ tẹ́ ẹ bá kó àwọn ọmọ dé Atlanta, ní Amẹ́ríkà, láti Nàìjíríà. Ẹ má jẹ́ kí àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì wá kí yín káàbọ̀, ẹ má sì tíì lọ ra nǹkan kan. Oorun àti ikùn àwọn ọmọ ló ni ọjọ́ àkọ́kọ́. Tí ọjọ́ náà bá bàjẹ́ mọ́ yín lọ́wọ́, odindi ọ̀sẹ̀ kan lè lọ sí i kí ilé tó rọgbọ.

Ìṣirò oorun náà rèé. Nàìjíríà kì í yí aago padà, Amẹ́ríkà máa ń yí i. Láti oṣù Kẹta títí di ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kọkànlá, Lagos fi wákàtí 5 ṣíwájú Atlanta. Nígbà òtútù ó di 6. Bàálù tó gbéra ní Ìkẹjà lálẹ́ ń lò tó wákàtí 12, ìdájí ló sì sábà máa ń balẹ̀. Bí aago 6 àárọ̀ bá lù ní Atlanta, agogo inú ara ọmọ yín ti wà ní 11. Tó bá fi máa di aago 3 ọ̀sán, oorun alẹ́ ti ń kùn ún. Ibi tí àwọn òbí ti ń ṣì í nìyẹn: àánú ọmọ á ṣe wọ́n, wọ́n á ní kó sùn. Ọmọ tó bá sùn ní aago 4 ìrọ̀lẹ́ á jí ní aago 12 òru, ojú rẹ̀ á dá ṣáká, á sì jí gbogbo ilé.

Ṣùgbọ́n ká kọ́kọ́ jáde ní pápákọ̀ òfúrufú ná. Ẹ kọ àdírẹ́sì àti nọ́ńbà fóònù ẹni tó gbà yín sílé sórí bébà, torí káàdì fóònù Nàìjíríà lè má rí nẹ́tíwọ́ọ̀kì níbẹ̀. Kí gbogbo ẹbí jọ lọ bá òṣìṣẹ́ aṣọ́bodè kan náà. Ọmọ tó bá ní páásípọ́ọ̀tù Amẹ́ríkà, òun náà ni kẹ́ ẹ fi wọlé. Tẹ́ ẹ bá ṣì ń bá bàálù míì lọ sí Houston tàbí Dallas, Atlanta lẹ ti máa gba ẹrù yín, ẹ ó gbé e kọjá kọ́sítọ́ọ̀mù, kẹ́ ẹ tó dá a padà fún wọn. Wákàtí 3 ni mo máa ń ní kéèyàn fi sáàárín bàálù méjèèjì, pàápàá tí ọmọdé bá wà níbẹ̀. Òróró ìpara tàbí lọ́fínńdà tó bá ju 100ml lọ, ẹ tì í sínú àpótí kẹ́ ẹ tó dá a padà, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, wọ́n á gbà á níbi àyẹ̀wò kejì.

Gàrí àti èlùbọ́ ń wọlé. Ẹran kì í wọlé láti Nàìjíríà: ṣúyà, kílíṣí, pọ̀nmọ́, kò síyàtọ̀. Ẹ sọ gbogbo oúnjẹ tó wà nínú ẹrù. Èyí tẹ́ ẹ bá sọ tí kò lè wọlé, wọ́n á gbà á, ó tán. Èyí tẹ́ ẹ bá fi pamọ́ ló ń di owó ìtanràn.

Ọkọ̀ tó ń bọ̀ wá gbé yín ńkọ́? Èèyàn 5 tí ẹnì kọ̀ọ̀kan gbé àpótí 2 oníkílò 23, àpótí 10 nìyẹn. Kò sí ọkọ̀ ilé kan tó lè gba ẹ̀yin àti ẹrù náà pọ̀. Ẹ ti sọ fún wọn kẹ́ ẹ tó gbéra. Òfin ìpínlẹ̀ Georgia sì ní kí ọmọ tí kò tíì pé ọdún 8 jókòó sórí àga ọmọdé tí wọ́n ń dè mọ́ ìjókòó ọkọ̀. Ìyá kò gbọ́dọ̀ gbé ìkókó sórí ẹsẹ̀, bó ti wù kí ilé sún mọ́ tó.

Tẹ́ ẹ bá délé, ilé ìwẹ̀ ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ mú àwọn ọmọ lọ. Apá òsì ẹ̀rọ omi ni omi gbígbóná. Tí wọ́n bá kọ́kọ́ ṣí i, omi tútù ló máa jáde, ọmọ á sì rò pé bó ṣe máa rí nìyẹn, á fi ọwọ́ sílẹ̀ lábẹ́ rẹ̀. Láìpẹ́ omi náà á máa hó èéfín. Ẹ ṣí i níṣojú wọn, kí wọ́n rí i bó ṣe ń yí padà, kí wọ́n sì kọ́ láti máa ṣí èyí tó tutù ṣáájú. Ẹ má ki bùlẹ́ńdà tẹ́ ẹ gbé wá mọ́ iná: 120V ni iná tiwọn, 230V ni tiwa. Ṣájà fóònù tí wọ́n bá kọ 100-240V sí lára kò ní ìṣòro, orí tó bá ihò iná wọn mu nìkan lẹ máa wá.

Bí Màmá àgbà bá bá yín wá, inú báàgì ọwọ́ ni kí oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru wọn wà, kí dókítà wọn sì ti sọ aago tí wọ́n á máa lò ó. Bí ara ẹnikẹ́ni bá gbóná lọ́jọ́ náà tàbí láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ẹ gbé e lọ sí ọsibítù, kí gbólóhùn yín àkọ́kọ́ jẹ́: “Nàìjíríà la ti dé, ẹ yẹ ibà màláríà wò.” Dókítà ibẹ̀ lè má rántí ibà rárá, ibà sì lè tètè pa ọmọdé.

Ó wá ku oorun. Kí ọmọ sùn fún wákàtí kan péré kó tó di aago 1 ọ̀sán, ní pálọ̀, kí kọ́tìnì ṣí sílẹ̀. Yàrá tó ṣókùnkùn kì í jẹ́ kó ṣeé jí. Lẹ́yìn náà, ẹ kó wọn jáde sínú oòrùn, kí wọ́n sáré. Nígbà tí wọ́n bá wà níta, kí òbí kan lọ wo ìwé I-94 (àkọsílẹ̀ ọjọ́ téèyàn wọlé àti ọjọ́ tó gbọ́dọ̀ jáde) ti ẹnì kọ̀ọ̀kan tí kò fi páásípọ́ọ̀tù Amẹ́ríkà wọlé, lórí ìkànnì ìjọba, kó rí i pé orúkọ tọ̀nà, pé ọjọ́ tí wọ́n fún yín sì bára mu. Ọ̀fẹ́ ni. Oúnjẹ alẹ́ ní aago 6, ìwẹ̀ ní 7, ibùsùn kó tó di 8.

Wọ́n ṣì máa jí lóru, ní bí aago 2, torí aago oúnjẹ àárọ̀ ni fún ikùn wọn. Kí ìrẹsì àti ẹyin sísè ti wà nínú fìríìjì. Ẹ tan iná kékeré, ẹ fún wọn jẹ, ẹ má tan tẹlifíṣọ̀n, ẹ má fún wọn ní fóònù, ẹ dá wọn padà sórí ibùsùn. Lóru kejì, á sún mọ́ aago 3. Lóru kẹta, 4.