Irú tẹ́rápì wo? Ẹ kọ́kọ́ béèrè

Tí wọ́n bá ní kí ẹ lọ rí onítẹ́rápì, ìyẹn ẹni tó ń fi ọ̀rọ̀ sísọ tọ́jú ọkàn, ẹ béèrè pé irú èwo. Méjì ni èmi lọ bá lẹ́yìn tí ìyá mi kú, tí àyà mi bẹ̀rẹ̀ sí í já ṣáá nínú ọkọ̀ ojú irin abẹ́ ilẹ̀ ní London. Iṣẹ́ tí ọ̀kan ṣe fún mi, èkejì kò lè ṣe é.

CBT (cognitive behavioural therapy), ìtọ́jú tó dá lórí èrò àti ìṣe ẹni, ni àkọ́kọ́. Aaron Beck, oníṣègùn ọpọlọ ní Philadelphia, ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní àwọn ọdún 1960. Wọn kì í fi bẹ́ẹ̀ bi yín nípa ìgbà èwe yín. Ohun tí wọ́n ń wò ni bí èrò, ara àti ìṣe ṣe ń ti ara wọn: èrò pé "mo máa kú báyìí" á mú kí àyà máa lù kìkì, àyà á mú mi sá bọ́ sílẹ̀, sísá náà á sì sọ ẹ̀rù ọkọ̀ di ńlá lọ́jọ́ kejì. Iṣẹ́ àṣetiléwá wà níbẹ̀: mò ń kọ ohun tó wá sí mi lọ́kàn sílẹ̀, mò ń wọkọ̀ dé ibùdó kan, lẹ́yìn náà méjì, mo sì ń jókòó títí àyà á fi rọlẹ̀ fúnra rẹ̀. Ẹni tí kò bá ní ṣe iṣẹ́ àṣetiléwá, kó má wulẹ̀ lọ. Ní England, ẹni tó bá ti forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ GP, dókítà àdúgbò, lè kàn sí NHS Talking Therapies, ètò tẹ́rápì ti ìjọba, fúnra rẹ̀, láìgba lẹ́tà dókítà. Ọ̀fẹ́ ni, àmọ́ ẹ ó dúró kó tó kàn yín.

Ẹ̀rù ọkọ̀ lọ. Ọ̀fọ̀ kò lọ.

Ìgbà náà ni mo lọ bá obìnrin kan tó ń tẹ̀lé ọ̀nà Carl Rogers, onímọ̀ nípa ọkàn ará Amẹ́ríkà tó gbà pé bí a bá tẹ́tí sí ènìyàn dáadáa láìdá a lẹ́jọ́, òun fúnra rẹ̀ á rí ọ̀nà. Ó nira fún ọmọ Yorùbá, ẹ jẹ́ n má purọ́. Tí a bá gbé ọ̀rọ̀ lọ bá àgbà nílé, wọ́n á gbọ́, wọ́n á dájọ́, wọ́n á pàṣẹ, wọ́n á ṣàdúrà, ó parí. Obìnrin yìí kò ṣe ìkankan nínú wọn. Mo ní ṣé kí n lọ sílé fún ìrántí ọdún kan, ó ní kí ni lílọ náà máa jẹ́ fún mi. Inú bí mi, owó ara mi ni mo kúkú ń san! Ṣùgbọ́n nínú ìdákẹ́jẹ́ẹ́ yẹn ni ọ̀rọ̀ kan ti bọ́ lẹ́nu mi: mò ń bínú sí ìyá mi, torí wọ́n fi àìsàn wọn pamọ́ fún mi. Ta ni mo lè sọ ìyẹn fún nílé? Kí n tó parí rẹ̀, wọ́n á ti ní, "Má sọ bẹ́ẹ̀, wọ́n ti di ará ọ̀run." Obìnrin yìí kò pa mí lẹ́nu mọ́. Ibẹ̀ ni ẹkún ti wá, oorun sì tẹ̀lé e.

Ẹ má sì gbà fún ẹni tó bá ní nǹkan òyìnbó lásán ni ìtọ́jú ọkàn. Ní 1954 ni Dókítà Adéoyè Lámbò ti bẹ̀rẹ̀ sí í fi aláìsàn ọpọlọ sọ́dọ̀ àwọn ará abúlé tó yí Aro ká, ilé ìwòsàn àwọn aláìsàn ọpọlọ ní Abẹ́òkúta. Nígbà náà, ẹbí ń bá aláìsàn gbé ibẹ̀, ó ń lọ gba ìtọ́jú nílé ìwòsàn lọ́sàn-án, Lámbò sì ń bá àwọn oníṣègùn ìbílẹ̀ ṣiṣẹ́ pọ̀. Èmi náà kò fi àdúrà sílẹ̀. Mo sọ fún àwọn onítẹ́rápì mi méjèèjì, kò sẹ́ni tó ní kí n jáwọ́.

Ẹni tí ìjàǹbá ọkọ̀ tàbí adigunjalè ń padà wá bá lójú oorun, kó béèrè EMDR, irú tẹ́rápì kan tí Francine Shapiro bẹ̀rẹ̀ ní 1987: wọ́n á máa darí ojú rẹ̀ sọ́tùn-ún sósì bó ṣe ń rántí ohun tó ṣẹlẹ̀. Èmi ò ṣe é rí.

Ẹni tó bá sì ń ronú àtipa ara rẹ̀, kó má dúró de onítẹ́rápì kankan. Ní England, kó pe 111, kó tẹ 2. Tí ewu bá ti dé tán, 999 ni.