Fíìmù kúkúrú lójú èmi tí mò ń ṣe ẹ́dítà

Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ fi fíìmù kúkúrú bẹ̀rẹ̀ nítorí pé owó ò tíì sí, ẹ jẹ́ n sọ ohun tí mo rí nídìí iṣẹ́ ẹ́dítà. Fíìmù àgbéléwò alápá méjì ni mo fi kọ́ṣẹ́, kí àwọn ọ̀dọ́ tó máa gbé fíìmù oníṣẹ́jú mẹ́wàá wá bá mi.

Ẹ wo ìran kan: obìnrin kan fẹ́ lọ bẹ bàbá onílé nítorí owó ilé. Nínú fíìmù gígùn, a lè rí i tó sọ̀ kalẹ̀ nínú kẹ̀kẹ́, tí mégáàdì ń bá a ṣàwàdà, tó kúnlẹ̀ kí ìyá onílé, tí wọ́n bu omi fún un. Kò sí èyí tó ṣòfò. Mégáàdì yẹn lè tú àṣírí kan tó bá yá, ìyá onílé sì lè di alábàárò rẹ̀. Ẹni tó ti fi wákàtí kan àbọ̀ sílẹ̀ fẹ́ mọ gbogbo ará ilé náà.

Nínú fíìmù kúkúrú, orí ìkúnlẹ̀ ni kámẹ́rà ti máa bá obìnrin yìí. Bàbá onílé ti ń ka owó lọ́wọ́. Ojú obìnrin náà ò kúrò lára owó náà, àmì òrùka ṣì hàn ní ìka rẹ̀, òrùka ò sí níbẹ̀ mọ́. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ pé ó ti tà á. Òǹwòran ti mọ̀.

Ohun tó máa ń dá mi lágara ni ìtàn tí wọ́n ti bí ọmọ, tí ọmọ ti ṣègbéyàwó, tó ti lọ sí òkè òkun, tó sì ti kú, láàárín ìṣẹ́jú 12! Ẹ mú ìpinnu kan ṣoṣo níbẹ̀, kí ẹ fi ìyókù sílẹ̀.

Àmọ́ o, kì í ṣe iye wákàtí inú ìtàn ló ń sọ fíìmù di gígùn. Ẹ wo Akinola Davies, olùdarí fíìmù. Lizard, fíìmù kúkúrú tó gba ẹ̀bùn ńlá ní Sundance, àjọ̀dún fíìmù kan ní Amẹ́ríkà, lọ́dún 2021, tẹ̀ lé ọmọbìnrin kékeré kan tí wọ́n lé jáde ní kíláàsì àwọn ọmọdé nínú ṣọ́ọ̀ṣì ńlá kan l'Ékòó. My Father's Shadow, fíìmù gígùn rẹ̀ tó dé Cannes, àjọ̀dún fíìmù ilẹ̀ Faransé, lọ́dún 2025, ò ju ìrìn ọjọ́ kan l'Ékòó lọ. Ṣùgbọ́n bàbá kan àti ọmọ rẹ̀ méjì ló wà nínú ọjọ́ náà, pẹ̀lú wàhálà ìbò 1993. Ẹrù yẹn ò lè wọ ìṣẹ́jú díẹ̀.

Ti owó: fíìmù kúkúrú kì í sábà pa á. Ẹ má torí ẹ̀ yá owó èlé.

Ẹ sì ka òfin ibi tí ẹ fẹ́ fi í ránṣẹ́ sí kí ẹ tó ya ohunkóhun. Cannes ò gbà ju ìṣẹ́jú 15 lọ fún fíìmù kúkúrú. Oscar, ẹ̀bùn fíìmù ilẹ̀ Amẹ́ríkà, gbà tó ìṣẹ́jú 40. Orúkọ àwọn òṣìṣẹ́ tó ń gòkè lẹ́yìn eré wà nínú iye ìṣẹ́jú náà. Mo ti rí èyí tí ìdúpẹ́ lọ́wọ́ mọ̀lẹ́bí, pásítọ̀ àti aláṣọ fẹ́rẹ̀ẹ́ gùn tó eré fúnra rẹ̀, kí "To God be the glory" tó wọlé.