Nẹ́tíwọ́ọ̀kì méjì lórí pákó kan: ibi tí mo bá iṣẹ́ dé

Ọ̀sẹ̀ kìíní

Ọ̀nà méjì tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì fi ń gbé ọ̀rọ̀ ni mo ń kọ́ sórí pákó yìí: circuit, tó ń ya ọ̀nà kan sọ́tọ̀ fún ìpè kan, àti packet, tó ń gé ọ̀rọ̀ sí wẹ́wẹ́, tó sì ń kọ orúkọ ẹni tó ń lọ bá sórí ẹyọ kọ̀ọ̀kan. Apá circuit ti parí. Fóònù àtijọ́ 4 (A, B, C àti D), relay 4 (swíìṣì tí iná mànàmáná ń ṣí tó sì ń pa), wáyà kan ṣoṣo láàárín wọn, àti gílóòbù kékeré tó ń tàn nígbà tí wáyà yẹn bá ń ṣiṣẹ́. Mo fi A pe C. Relay 2 ró kẹ́, gílóòbù tàn, ohùn wọlé kedere, kò já rárá.

Mo wá gbé fóònù méjèèjì sórí tábìlì láìpa wọ́n, mo sì dákẹ́. Gílóòbù ò kú. Mo fi B pe D, kò lọ. Kò sẹ́ni tó ń sọ̀rọ̀, síbẹ̀ wáyà ti ní ẹni tó ni ín. Kókó circuit nìyẹn: wọ́n ti ya ọ̀nà sọ́tọ̀ fún yín kí ẹ tó lanu, tiyín ni títí ẹ ó fi pa fóònù. Tẹlifóònù oní-díjítà náà ń ya àyè dátà kílóbíìtì 64 sọ́tọ̀ fún ìpè kan ní ìṣẹ́jú àáyá kọ̀ọ̀kan, ẹ sọ̀rọ̀ o, ẹ dákẹ́ o.

Ọ̀sẹ̀ kẹta

Packet ló gba àsìkò mi. Kọ̀ǹpútà pẹlẹbẹ 4 ló wà níbi tí fóònù wà tẹ́lẹ̀. Mo fi byte 3 (byte kan ni àyè lẹ́tà kan tí kò ní àmì) sórí packet kọ̀ọ̀kan: ẹni tó rán an, ẹni tó ń lọ bá, àti bí ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ ṣe gùn tó. Byte 8 ló kù fún ọ̀rọ̀. (“Dúró” nìkan jẹ 6, torí ú àti ó ń gba byte méjì-méjì.)

A ń kọ sí C, B ń kọ sí D, lórí wáyà kan náà! Bí A bá ti sinmi, B ti gba àyè rẹ̀. Mo jókòó ti gílóòbù tó ń ṣẹ́jú yẹn, n kò fẹ́ dìde.

Mo wá fi ọ̀nà kejì kún un, tó gba ara kọ̀ǹpútà karùn-ún, tó sì falẹ̀ díẹ̀. A rán “Má lọ, dúró dè mí”, ọ̀rọ̀ kan nínú packet kan, ọ̀nà méjèèjì ń gbà á ní tẹ̀léra-tẹ̀léra. Ohun tí C rí gbà ni “Má dúró mí lọ, dè”. Kò sí packet tó sọnù, àmọ́ ìtumọ̀ ti dojú dé. Mi ò fún wọn ní nọ́ńbà. Byte kẹrin ti wà lórí wọn báyìí, C sì ń tò wọ́n kó tó kà wọ́n.

Ọ̀sẹ̀ kẹrin

Paul Baran ní Amẹ́ríkà àti Donald Davies ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ló ronú kan ọgbọ́n yìí ní àwọn ọdún 1960, láìmọ̀ pé ẹnìkejì ń ṣe é. Davies ló sọ ọ́ ní packet. Ohun tó ká Baran lára ni bí ìròyìn yóò ṣe máa lọ bí apá kan nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá bàjẹ́, nítorí náà mo fa wáyà àárín yọ nígbà tí A ń kọ̀wé lọ. Lẹ́tà ṣì ń dé C, ọ̀nà tó falẹ̀ ló gbà. Nígbà tí mo fa wáyà yìí kan náà yọ lábẹ́ ìpè fóònù, ẹ̀ẹ̀kan náà ni ohùn pa.

Ohùn ni mo ń gbìyànjú láti fi packet gbé báyìí. Ó ń dé ní gìdìgìdì, sílébù kan yá, èkejì pẹ́. Mo ti ní kí C kó packet 5 jọ ná kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í fọhùn. Ó rọ̀ díẹ̀, àmọ́ ìdáhùn ti ń pẹ́ jù. Mo máa dán 3 wò lọ́la.