Ọdún Tí Mo Fi Ojú Ọ̀gá Mi Wòran

Ọdún ti ń kógbá sílé, mo sì jókòó láti ṣírò ohun tó bá mi wá àti ohun tó gbà lọ́wọ́ mi. Lọ́dún mìíràn, iṣẹ́ ni mo máa ń kọ́kọ́ kà. Tọdún yìí yàtọ̀. Ọ̀gá mi papòdà nígbà tí ọdún ṣì ń jí, kò sì sí ohun tí mo ṣe lẹ́yìn ìyẹn tí mi ò bi ara mi pé kí ni wọn ì bá sọ sí i.

Onímọ̀ nípa kòkòrò ibà ni wọ́n. "Àbúrò" ni wọ́n ń pè mí, bẹ́ẹ̀ wọ́n tó bí mi lọ́mọ. Bí a bá ti bọ́ ẹ̀wù funfun sílẹ̀, kò sí ohun tí a kì í sọ: wàhálà ilé mi, orókún wọn tó ń dùn wọ́n, ẹni tó yẹ kó di olórí ẹ̀ka. Ṣùgbọ́n tí wọ́n bá ti jókòó sídìí maikirosikóòpù, ẹ̀rọ tí a fi ń wo ohun tí ojú lásán kò lè rí, àwàdà ti tán nìyẹn.

Ọwọ́ wọn ni mo ti kọ́ bí a ṣe ń wo ẹ̀jẹ̀. A ó kán an sórí sílàìdì, awẹ́ gíláàsì pẹlẹbẹ, ọ̀kan á nípọn, ọ̀kan á fẹ́lẹ́. Pẹ́ńsù la fi ń kọ nọ́ńbà sí etí rẹ̀, torí methanol, kẹ́míkà tó ń mú ẹ̀jẹ̀ lẹ̀ mọ́ sílàìdì, máa ń fọ tàdáwà dànù. Èyí tó fẹ́lẹ́ nìkan sì ni methanol gbọ́dọ̀ kàn. Èyí tó nípọn, omi ló yẹ kó fọ pupa ẹ̀jẹ̀ ara rẹ̀ kúrò kí ojú lè ríran já a. Aró Giemsa tó ń jẹ́ kí kòkòrò hàn ló kàn, pẹ̀lú omi tí pH rẹ̀, ìyẹn ìwọ̀n bó ṣe kan sí, jẹ́ 7.2. Wọn kì í fi omi yẹn ṣeré rárá. Mo ti rí i tí wọ́n da odindi ìgò nù, tí wọ́n ní ká po òmíràn, nítorí pé ó ti fi díẹ̀ kan ju bó ṣe yẹ lọ.

Ẹni tó bá rí kòkòrò ibà, kíkà ló kù fún un: yóò máa ka òun àti sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ funfun pọ̀ títí sẹ́ẹ̀lì náà yóò fi pé 200, bí kòkòrò náà kò bá sì tó 100, yóò kà á lọ títí dé 500. Ẹni tí kò rí i ni iṣẹ́ wà lọ́rùn rẹ̀ jù. Ó gbọ́dọ̀ wo ojú ibi 100 (ìwọ̀n tí maikirosikóòpù ń fi hàn lẹ́ẹ̀kan ni ojú ibi kan), ó kéré tán, lórí èyí tó nípọn kó tó kọ ọ́ pé kò sí. Ó máa ń sú ènìyàn. Wọ́n á jókòó tì mí, wọ́n á máa béèrè pé, "Àbúrò, o ti dé mélòó?"

Ìtàn Ronald Ross, dókítà tó fi hàn pé ẹ̀fọn ló ń gbé ibà kiri, kì í tán lẹ́nu wọn. Láti 1895 ló ti ń la inú ẹ̀fọn ní Íńdíà láìrí ohun tó ń wá, nítorí èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn tó ń là kì í ṣe irú tó ń gbé ibà ènìyàn. Ọjọ́ 20 oṣù kẹjọ ọdún 1897 ló tó rí kòkòrò náà nínú ikùn ẹ̀fọn Anopheles, ó sì gba ẹ̀bùn Nobel ní 1902. Ẹ̀bùn yẹn kọ́ ló jẹ ọ̀gá mi lógún. "Ká ní ó ti kọ ọ́ ní 1896 pé ọwọ́ ẹ̀fọn mọ́, ta ni ì bá bá a jiyàn?"

Láàárín ọdún yìí ni wọ́n gbé ẹ̀jẹ̀ ọmọdébìnrin kan wá. Àyẹ̀wò kíákíá ní kò níbà, ara ọmọ náà sì ń gbóná janjan. Mo kán òróró sí i, mo wò, mo wò, n kò rí nǹkan kan. Ó ku díẹ̀ kí n pé 100 ni òrùka kékeré kan yọ, tín-ínrín, aláwọ̀ búlúù, ẹ̀kán pupa kan létí rẹ̀. Òmíràn tún yọ. Ọmọ náà gba oògùn, ara rẹ̀ sì ti yá.

Ó lè jẹ́ pé kòkòrò náà kéré jù fún àyẹ̀wò kíákíá láti mú. Ó sì lè jẹ́ irú tí kò ní jíìnì pfhrp2 mọ́, jíìnì tí kòkòrò fi ń ṣe púrótéènì HRP2; ìròyìn irú bẹ́ẹ̀ kọ́kọ́ ti Peru jáde ní 2010. Àyẹ̀wò tó ń wá púrótéènì HRP2 lè fo irú bẹ́ẹ̀ dá. PCR, àyẹ̀wò tó ń wá jíìnì kòkòrò náà, ni yóò là á, nítorí náà mi ò tíì pariwo. Ká ní ọ̀gá mi wà ńbẹ̀, wọn ò ní yìn mí kíákíá. Wọ́n á gba àga lọ́wọ́ mi, wọ́n á wò ó fúnra wọn, wọ́n á ní, "Ó dáa. Ta ni ẹni kejì tó wò ó?" Ojú méjì ni sílàìdì kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ rí, ọ̀kan kò sì gbọ́dọ̀ mọ èsì èkejì.

Ìyókù ọdún kò lọ́rọ̀ púpọ̀. Owó ìwádìí tí a béèrè kò bọ́ sí i. Mo gbọ́ tí àwọn kan ń sọ pé ayé maikirosikóòpù ti kọjá. Mi ò gbà, ọmọdébìnrin yẹn sì ni ẹ̀rí mi. Àárò ọ̀gá mi sọ mí gan-an, pàápàá lọ́wọ́ ìrọ̀lẹ́ nígbà tí iṣẹ́ bá tán tí kò sí ẹni tí mo lè fẹjọ́ ẹ̀ka sùn.

Àwọn ọmọ wọn ti gbà kí n kó àwọn àpótí sílàìdì wọn. Bí oṣù kìn-ín-ní bá ti wọlé, àwọn tí mò ń kọ́ yóò fi wọ́n kọ́ bí a ṣe ń wò ó, ní méjì-méjì. Àpilẹ̀kọ tí èmi àti ọ̀gá mi jọ bẹ̀rẹ̀ ṣì wà nílẹ̀, ó ku abala èsì kan. Mo fẹ́ parí rẹ̀ kí òjò tó dé, orúkọ wọn ni yóò sì ṣáájú.