Fúláwà tí kò lórúkọ nílé, tó ní orúkọ mẹ́rin ní Madrid

Oṣù Kejìlá tí mo kọ́kọ́ lò ní Madrid, ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń ta òdòdó ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Èmi ni mò ń gbé ìkòkò wọlé, tí mò ń gbálẹ̀, tí mo sì ń bomi rin nǹkan. Èdè Sípéènì tí mo gbọ́ nígbà náà kò ju èyí tí mo lè fi ra búrẹ́dì lọ. Mọ́mì àgbàlagbà kan wọlé, wọ́n ní flor de Pascua làwọn fẹ́. Mo mọ Pascua! Ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú ni wọ́n kọ́ wa ní kíláàsì pé ọdún Àjíǹde ni. Mo wo mọ́mì, mo wo kàlẹ́ńdà ara ògiri, mo fi ìwọ̀nba èdè tó wà lẹ́nu mi sọ fún wọn pé kí wọ́n padà wá ní oṣù Kẹrin. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn, wọ́n wá na ìka sí ẹ̀yìn mi. Ìkòkò bíi ọgọ́rin ló tò síbẹ̀, èmi náà ni mo tò wọ́n láàárọ̀: ewé pupa fòò, bébà aláwọ̀ góòlù ní ìdí ìkọ̀ọ̀kan.

Èyí tó dùn mí jù ni pé mo mọ igi náà. Ó wà nílé wa n'Ìbàdàn, lẹ́gbẹ̀ẹ́ géètì, ó ga jù mí lọ. Bí ọyẹ́ bá ti ń dé ni yóò máa pọ́n, eruku á bò ó, kò sì sẹ́ni tó ń wò ó lẹ́ẹ̀mejì. Mo pe ìyá mi lórí fóònù, mo bi wọ́n pé kí là ń pè é. Wọ́n ní, "Èwo? Fúláwà pupa ẹ̀gbẹ́ géètì yẹn? Fúláwà náà ni." Mo ní yúrò márùn-ún ni wọ́n ń ta ìkòkò kékeré rẹ̀ níbí. Wọ́n dákẹ́ díẹ̀. "Ṣé kí n máa gé e ránṣẹ́ sí ẹ ni?"

Ó pẹ́ díẹ̀ kí n tó mọ̀ pé Pascua kì í ṣe ti Àjíǹde nìkan. Bí Kérésì bá dé, àwọn àgbàlagbà ibí á máa kí ara wọn pé "Felices Pascuas", bí Àjíǹde bá sì dé, ọ̀rọ̀ kan náà ni wọn yóò tún gbé jáde. Lójú mi, èdè aláìlétò ni, àfi ìgbà tí mo rántí "ọdún" tiwa. Oṣù méjìlá, ọdún ni. Kérésì, ọdún ni. Iléyá, ọdún ni. Ọ̀ṣun Òṣogbo, ọdún náà ni. Ẹni tí a bá sọ fún pé ọdún ń bọ̀, òun ni kó mọ èyí tó ń bọ̀. Látìgbà náà ni mi ò ti bá Pascua jà mọ́.

Àwọn ará ṣọ́ọ̀bù wa ló kù tó ń jà. Ará Sípéènì ni ọ̀gá, ará Mẹ́síkò lobìnrin tó ń di òdòdó, ará Ajẹntínà lẹni tó ń wa ọkọ̀ ẹrù. Èdè kan náà ni wọ́n ń sọ, ṣùgbọ́n bó bá ti kan ìkòkò pupa yìí, kálukú a máa fa tirẹ̀. Flor de Pascua ni ti ọ̀gá. Ará Ajẹntínà ní estrella federal ni, ìràwọ̀ àwọn Federal, torí pupa ni àmì ẹgbẹ́ òṣèlú tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀ nílẹ̀ wọn láyé Juan Manuel de Rosas, olórí wọn kan láyé àtijọ́. Obìnrin Mẹ́síkò ní Nochebuena ni, orúkọ tí wọ́n ń pe alẹ́ ọjọ́ 24 oṣù Kejìlá gan-an. Tí a bá tú u, òru rere ni. Òun ló sì máa ń borí, torí ilẹ̀ wọn ni igi náà ti wá. Kí ọkọ̀ ojú omi Sípéènì tó débẹ̀ rárá ni àwọn tó ń sọ èdè Nahuatl ti ń pè é ní cuetlaxochitl. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo gbìyànjú kí ẹnu mi tó gbà á.

Orúkọ tí àwọn elédè Gẹ̀ẹ́sì ń pè é, poinsettia, ló máa ń bí obìnrin Mẹ́síkò yìí nínú jù. Joel Poinsett lorúkọ ọkùnrin tí Amẹ́ríkà rán lọ ṣe aṣojú wọn ní Mẹ́síkò láti 1825 sí 1829. Ó rí igi lóko olóko, ó fi ránṣẹ́ sílé ní South Carolina, ni igi bá ń jẹ́ orúkọ àlejò. Obìnrin yìí ló tún sọ ìtàn rẹ̀ fún mi, bí ẹni ń pàlọ́: ọmọdébìnrin tálákà kan kò ní ohun tó máa gbé lọ fún Jésù ọmọ ọwọ́ lálẹ́ Kérésì, ó já koríko ẹ̀bá ọ̀nà, bó ṣe gbé e kalẹ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì ni orí koríko pọ́n. Mo ní orin rẹ̀ ńkọ́? Àlọ́ tí kò lórin kì í kún létí mi. Kò yé e.

Ohun tí èmi náà fi san án fún un ni pé ìdílé kan náà ni Nochebuena rẹ̀ àti ẹ̀gẹ́ wa, òun àti bọ̀tujẹ̀. Ẹ ṣẹ́ ewé rẹ̀, ẹ ó rí oje funfun. Èyí tó pupa yẹn pàápàá, ewé ni. Òdòdó gan-an ni àwọn kóró-kòro aláwọ̀ ìyeyè tó há sáàárín, tí ẹnikẹ́ni kì í wò.

Ọjọ́ ọdún gan-an wá ńkọ́? N'Ìbàdàn, ọjọ́ 25 ni Kérésì, ìta ló sì wà. Àwọn ọmọdé á wọ aṣọ tí télọ̀ parí lóru, wọ́n á de jíígí dúdú mọ́jú, bángà á máa dún, abọ́ ìrẹsì á máa ti ilé kan bọ́ sí òmíràn, pàápàá ilé àwọn Mùsùlùmí tó gbé ẹran Iléyá fún wa. Níbí, alẹ́ ọjọ́ 24 ni, inú ilé ló sì wà. Bó bá di aago mẹ́sàn-án, ìgboro ti dá, ohùn ọba wọn lórí tẹlifíṣọ̀n lẹ ó máa gbọ́ láti ilẹ̀kùn dé ilẹ̀kùn. Ọdún kìíní mi, mo bu ìrẹsì sábọ́, mo fi tówẹ́ẹ̀lì bò ó, mo kanlẹ̀kùn kejì. Bàbá tó ṣílẹ̀kùn wo abọ́, wọ́n wò mí, wọ́n ní, "Ẹ ti ṣìlé o. Àwa ò pe oúnjẹ." Ìyàwó wọn ló sáré jáde wá gbà á. Lọ́jọ́ kejì, abọ́ mi padà pẹ̀lú turrón nínú, àdìdùn oníálímọ́ńdì tó fẹ́rẹ̀ẹ́ yọ eyín mi.

Lọ́tìrì Kérésì wọn, ti ọjọ́ 22 oṣù Kejìlá, mi ò ní sọ púpọ̀ lórí rẹ̀. Yúrò 20 ni ìdá kan nínú mẹ́wàá tíkẹ́ẹ̀tì, àwọn ọmọ ilé ìwé San Ildefonso ló ń kọ nọ́ńbà rẹ̀ lórin, odidi ibi iṣẹ́ á sì dáwó rà á pọ̀ bí ẹní ń dá àjọ, àfi pé kò sẹ́ni tó ń kó o.

Èyí tí mi ò lè fò ni ti àwọn ọba mẹ́ta. Àwọn tí Bíbélì wa pè ní amòye, ọba ni wọ́n ń pè wọ́n níbí, ọwọ́ wọn sì ni ọ̀pọ̀ ọmọ Sípéènì ti ń gbẹ̀bùn, mọ́jú ọjọ́ 6 oṣù Kìn-ín-ní. Baltasar ni dúdú inú wọn. Ó ku ọ̀la kí àwọn tó ń ṣe bí ọba náà tò jáde ní ìgboro, ọmọkùnrin kan tí kò lè ju ọmọ ọdún mẹ́rin lọ bá ìyá rẹ̀ wá sí ṣọ́ọ̀bù. Ó tẹjú mọ́ mi, ó fa aṣọ ìyá rẹ̀. "Mamá, es Baltasar." Ojú ìyá rẹ̀ pọ́n ju ọjà tí mo gbé dání lọ. Mo bẹ̀rẹ̀, mo rọra sọ fún ọmọ náà pé kó má sọ fún ẹnikẹ́ni o. Ó ní ràkúnmí mi dà? Mo ní mo so ó sẹ́yìn ilé.

Fún ọ̀pọ̀ ọdún, ọmọ ìgbìmọ̀ ìlú, òyìnbó pọ́ńbélé, ló máa ń kun ojú ní dúdú láti ṣe Baltasar ní Madrid. Aráyé sọ̀rọ̀ sọ̀rọ̀, aláwọ̀ dúdú ni wọ́n wá ń fi ṣe é. Inú kọ́kọ́ bí mi nígbà tí mo rí fọ́tò àtijọ́ rẹ̀, ni mo bá rántí Bàbá Kérésì tí wọ́n mú mi lọ rí ní Dùgbẹ̀. Ìbòjú rọ́bà aláwọ̀ òyìnbó ló dé, ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ pupa, irùngbọ̀n rẹ̀ òwú. Ọwọ́ tó fi na bisikíìtì sí mi dúdú bíi tèmi, láti inú ìbòjú yẹn ló sì ti fi ojúlówó ẹnu Ìbàdàn sọ pé, "Sé o ti gbà á? Sún síwájú, kí ẹlòmíì wọlé."

Bí àwọn ọba bá ti lọ tán, ẹ̀gbẹ́ pàǹtírí ni ìkòkò pupa máa ń bá ara wọn. Mo gbé ọ̀kan lọ sílé lọ́dún kejì. Kò kú, ṣùgbọ́n Kérésì tó tẹ̀lé e, ewé tútù yọ̀yọ̀ ló bá mi ṣọdún. Obìnrin Mẹ́síkò bi mí níbi tí mo gbé e sí. Mo ní ojú fèrèsé ni. Ó ní ṣé iná ìgboro ń tàn sí i? Ó ń tàn mọ́jú. Ó ní ìyẹn ló fà á: òkùnkùn biribiri ló fẹ́, bíi wákàtí 14 lálaalẹ́ fún nǹkan bí oṣù méjì, iná kankan kò gbọdọ̀ já a. Ni mo bá bú sẹ́rìn-ín. Gbogbo èpè tí àdúgbò wa ti ṣẹ́ fún àwọn tó ń mú iná lọ, ó ṣe jẹ́ pé fúláwà ìyá mi nìkan ló ń ṣàdúrà fún wọn.

Látìgbà náà, bí oṣù Kẹwàá bá ti wọlé, aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́ ni mo ń fi páálí tẹlifíṣọ̀n bò ó, ó di aago mẹ́jọ òwúrọ̀ kí n tó ṣí i. Àbúrò ará Èkìtì tí a jọ ń gbé bi mí pé, "Ẹ̀gbọ́n, kí lẹ kó síbẹ̀ tí a kì í wò?" Mi ò dá a lóhùn. Ìparí oṣù Kọkànlá tó kọjá yìí, ewé mẹ́ta pọ́n létí. Mo ya fọ́tò rẹ̀ ránṣẹ́ sí ìyá mi. Wọ́n ní tàwọn ti pọ́n tán láti ìjẹta, ewúrẹ́ ló sùn sábẹ́ rẹ̀.