Ibo ni fìlà irin Àgbákò parí sí?

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ yé kó gbogbo ojú Àgbákò, ẹbọra inú ìwé Fágúnwà, sí iwájú orí. Mẹ́rìndínlógún ni Fágúnwà kà fún un nínú Ògbójú Ọdẹ Nínú Igbó Irúnmalẹ̀, ó sì ní wọ́n yí ìsàlẹ̀ orí rẹ̀ ká ni, tí wọ́n ń yí kiri bí ojú aago. Ṣùgbọ́n gbogbo àwòrán tí àwọn ọmọ ìwòyí ń fi ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp, iwájú ni ojú wà. Nígbà tó bá rí bẹ́ẹ̀, ẹni tó bá gba ẹ̀yìn yọ́ lọ ti bọ́ nìyẹn. Àgbákò tí ẹ̀yìn rẹ̀ ṣeé gbà kọjá, irú Àgbákò wo ni?

Aránṣọ ni mí. Mo máa ń ránṣọ fún àwọn òṣèré orí ìtàgé, nítorí náà aṣọ ni mo kọ́kọ́ ń wò lára ẹbọra. Fágúnwà sì mọ bí a ṣe ń wọṣọ fún ẹ̀dá: fìlà irin, ẹ̀wù idẹ, ṣòkòtò awọ, àti àwọ̀n láti ìdodo dé ìdí, tí ejò alààyè wà nínú rẹ̀ tó ń yọ ahọ́n bí bàbá náà ṣe ń rìn.

Délé, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi, tẹnu mọ́ ọn pé fìlà náà bo orí wálẹ̀ bíi ti àwọn jagunjagun inú fíìmù. Mo ní kò ṣeé ṣe. Bí irin bá bolẹ̀ dé etí, èwo nínú ojú mẹ́rìndínlógún ni yóò fi máa ríran? Àtàrí ni fìlà náà gbọ́dọ̀ jókòó sí.

“Àǹtí, ẹbọra ni o, kì í ṣe oníbàárà yín!”

Kò burú. Ṣùgbọ́n bí ẹnìkan bá gbé iṣẹ́ náà wá lọ́la, mo gbọ́dọ̀ mọ ibi tí n ó wọ̀n ọ́n dé.

Délé kan náà ló ń bá àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ jà lórí irun Legolas, ọ̀kan nínú àwọn ẹ̀dá inú ìwé ìtàn The Lord of the Rings. Tolkien tó kọ ìwé náà kò sọ àwọ̀ irun rẹ̀ fún wa. Ní òru ọjọ́ kan létí odò Anduin, ìwé náà ní orí rẹ̀ dúdú, àmọ́ òru ni. Àwọn tó ní irun rẹ̀ dà bíi wúrà a máa tọ́ka sí bàbá rẹ̀, ọba igbó inú The Hobbit, ìwé Tolkien ti ọdún 1937, tí irun tirẹ̀ jẹ́ àwọ̀ wúrà. Nígbà tó di 2001, fíìmù de irun wúrà lé Orlando Bloom, òṣèré tó ṣe Legolas, lórí, Délé sì ní ọ̀rọ̀ parí. Ìjà yẹn kì í dùn mọ́ mi. Ẹni tó kọ ọ́ dákẹ́ ni, a kàn ń bá ìdákẹ́jẹ́ jà. Ti Àgbákò ló dùn, torí Fágúnwà ti rò ó tán pátápátá láti 1938, síbẹ̀ ènìyàn méjì kò lè yà á bákan náà.

Nígbà tí Ṣóyínká túmọ̀ ìwé náà sí Gẹ̀ẹ́sì ní 1968, Bruce Onobrakpeya ló ya àwòrán inú rẹ̀. Délé ní kí a kúkú gba tirẹ̀, kí a sinmi. Mo bọ̀wọ̀ fún Onobrakpeya gan-an, ọwọ́ rẹ̀ kì í ṣe ọwọ́ lásán. Ṣùgbọ́n ohun tí òun rí lọ́kàn ni ó yà, èmi náà sì ti rí tèmi.

Ọmọ iṣẹ́ mi, tí kì í sábà sọ̀rọ̀, ló wá bi wá ní èyí tó le jù. Ìwé ní láti orúnkún dé ẹsẹ̀, Àgbákò rí bí imọ̀ ọ̀pẹ. Ṣé ara rẹ̀ ló hù bẹ́ẹ̀ ni, àbí ó so màrìwò mọ́ ẹsẹ̀? Délé ní ara ni. Èmi ní màrìwò ni, ẹni tó wọ ṣòkòtò awọ kò ní fi ojúgun sílẹ̀ lásán.

“Tó bá jẹ́ aṣọ ni, ọ̀gá,” ọmọ náà ní, “ta ló ń rán an fún un nínú igbó yẹn?”

Délé nawọ́ sí mi.